Ohun Tí Ó Kù Sára Nígbà Tí A Bá Bọ́ Ẹ̀rọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn lórí róbọ́ọ̀tì àwọ̀sára, ara àti ọpọlọ, tí a sọ ní Peckham, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n sọ bí àwọn róbọ́ọ̀tì tí ènìyàn ń wọ̀ sára, àwọn tí ń mú ẹsẹ̀ tí ó ti rọ dìde, tí ń ran ọwọ́ tí kò gbọ́ràn mọ́ lọ́wọ́ láti di nǹkan mú, ṣe ń bá ẹran ara àti ọpọlọ ọmọ ènìyàn gbé pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ó sì wà ní ilẹ̀ Jàpáànì àti Amẹ́ríkà àti ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n Peckham ni n óò ti mú un, nítorí níhìn-ín ni ó ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti King's College London bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n pè ní South London Stroke Register, nínú èyí tí wọ́n ń kọ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlù fún ìgbà àkọ́kọ́ ní apá kan ẹkùn Lambeth àti ẹkùn Southwark, èyí tí Peckham jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìwé náà kì í ṣe ojúsàájú, ó sì ti sọ òtítọ́ kan tí kò dùn létí: àrùn yìí ń bá àwa aláwọ̀ dúdú jà ju bí ó ti ń bá àwọn aláwọ̀ funfun tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà jà lọ, ó sì ń dé bá wa ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà tí ó ń dé bá wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tí ń fà á, ẹ sì ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì títí ó fi sú yín. Ohun tí n óò fi kún un ni pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 55, ó ṣì ní ọmọ ní yunifásítì, ó ṣì ń san owó ilé, ó ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì ìdájí lọ síbi iṣẹ́. A kò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó fẹ̀yìn ti ògiri kí ó máa wo àwọn tí ń kọjá lójú fèrèsé.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Òpó ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ á dí, tàbí kí ó bẹ́, ibi tí òpó náà sì ń bọ́ á kú. Nítorí pé apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí ọ̀tún ara, tí apá ọ̀tún rẹ̀ sì ń darí òsì, ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ lókè ní òsì ni ó ń mú ọwọ́ ọ̀tún rọ nísàlẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí i: ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Eegun rẹ̀ pé, iṣan rẹ̀ pé, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀; ẹni tí ń rán an níṣẹ́ ni kò sí nípò mọ́. Àwọn babaláwo ilẹ̀ wa ní ìtàn kan nípa bí gbogbo orí ṣe péjọ gbìmọ̀ láìpe ẹsẹ̀ sí i, tí ìpàdé wọn sì forí ṣánpọ́n nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbé ohun tí wọ́n pinnu lọ síbi tí wọ́n fẹ́ kí ó dé. Èmi a máa rò ó nínú ara mi pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa ìtàn yẹn ti jókòó ti aláìsàn rọpárọsẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn apá ọpọlọ tí ó yí ibi tí ó kú ká lè kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá fún wọn ní ìdí láti kọ́ ọ. Ìgbìyànjú ni ó ń là wọ́n lójú: kí onítọ̀hún pète láti gbé ọwọ́, kí ọwọ́ gbéra díẹ̀, kí ìmọ̀lára ìgbéra náà sì padà dé ọpọlọ kí ìpètepèrò náà tó tutù, kí ó sì tún un ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti rí àyè wọlé, nítorí kò sí físíò kan, bí ó ti wù kí apá rẹ̀ le tó, tí ó lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà ní òwúrọ̀ kan kí ẹ̀yìn tirẹ̀ má sì kan.

Èrò pé kí ènìyàn wọ irin sára kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1890, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Nicholas Yagn, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ohun èlò kan tí a ó so mọ́ ẹsẹ̀ láti mú ìrìn àti eré sísá rọrùn. Ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ General Electric ṣe òmíràn tí wọ́n pè ní Hardiman, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 680 kìlógíráàmù; apá rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n rí mú ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n sì tan gbogbo rẹ̀ pọ̀ ó gbọ̀n jìgìjìgì débi pé wọn kò jẹ́ kí ènìyàn kankan wọ inú rẹ̀. Agbára kọ́ ni ó wọ́n ẹ̀rọ náà. Etí rẹ̀ ni kò dá ṣáṣá. Kò lè fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ̀lé ohun tí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ń fẹ́.

Àwọn ará gúúsù Lọ́ńdọ̀nù rí ẹ̀rọ tí ó ní etí díẹ̀ lójú títì tiwọn ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Claire Lomas, obìnrin kan tí ó ṣubú lórí ẹṣin ní ọdún 2007 tí ara rẹ̀ sì kú láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ ẹ̀rọ tí a ń pè ní ReWalk, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń sá eré Márátọ́nì Lọ́ńdọ̀nù, eré tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní apá Greenwich àti Blackheath, tí ó ń gba Woolwich, tí ó ń gba Rotherhithe àti Bermondsey kí ó tó gun afárá Tower Bridge. Àwọn ọ̀gá nínú eré náà ń parí rẹ̀ ní wákàtí méjì àti díẹ̀. Claire parí tirẹ̀ ní ọjọ́ 16. Òfin eré nígbà náà kò fún ẹni tí kò bá parí lọ́jọ́ kan náà ní àmì ẹ̀yẹ, nítorí náà wọn kò fún un. Ni àwọn mìíràn tí wọ́n ti sá eré náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ẹ̀yẹ tiwọn ta á lọ́rẹ. Ní ọdún 2018, Simon Kindleysides, tí òun náà kò lè lo ẹsẹ̀, wọ irú ẹ̀rọ yẹn kan náà, ó sì parí eré náà ní wákàtí 36 àti díẹ̀. Claire ti di ẹni àná láti ọdún 2024. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo nínú ìrìn ọjọ́ 16 yẹn. Ẹ̀ńjìnnì kékeré wà ní ìbàdí àti ní orúnkún lọ́tùn-ún lósì, bátìrì ń fún wọn lágbára, ọ̀já ni a sì fi de gbogbo rẹ̀ mọ́ itan, mọ́ ojúgun àti mọ́ àyà. Obìnrin náà di ọ̀pá méjì mú. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ohun kan tí ń wọn ìtẹ̀sí ara gbọ́ pé ó tẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì nà án síwájú. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí ẹsẹ̀ yẹn fi wà lókè, èjìká rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ara ṣubú. Ẹsẹ̀ balẹ̀. Ṣé ó balẹ̀ dáadáa, àbí etí kòtò ni ó tẹ̀? Àtẹ́lẹsẹ̀ kò lè sọ fún un, nítorí mùdùnmúdùn inú ògóóró ẹ̀yìn tí ì bá gbé ìròyìn náà gòkè ti já. Bí ìwúwo ara ṣe yí padà lórí èjìká ni ó fi ń mọ̀, àti ojú tí ó fi ń wo ilẹ̀. Nígbà náà ni yóò tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tí ó bá dúró ní òdìkejì títì yóò sọ pé ẹ̀rọ ni ó ń rìn tí ó gbé obìnrin dání. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Obìnrin náà ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ bí yóò ṣe máa gbọ́ ìròyìn ẹsẹ̀ láti ẹnu èjìká, ọpọlọ rẹ̀ ni ó sì gba ẹ̀kọ́ náà. Ohun kan tí ó máa ń jọ mí lójú nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ni pé Amit Goffer, ọmọ ilẹ̀ Ísírẹ́lì tí ó ṣe é, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí kò lè lo ẹsẹ̀, kò sì lè wọ ohun tí ó ṣe, nítorí pé ọwọ́ tirẹ̀ kò lágbára tó láti di ọ̀pá náà mú.

Ara pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Orúnkún ẹ̀rọ ń ṣẹ́ lójú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n orúnkún ènìyàn ń yọ̀ díẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn bí ó ti ń ṣẹ́. Nígbà tí méjèèjì kò bá wà lójú kan náà, awọ ni yóò gba ìjà tí kò dá sílẹ̀, nítorí ọ̀já á máa fà á, á sì máa bó o. Ẹni tí ara rẹ̀ pé yóò kígbe pé ó ń ta òun. Ẹni tí kò ní ìmọ̀lára kò ní mọ̀ títí egbò yóò fi là. Eegun ẹsẹ̀ tí kò ru ẹrù fún ọdún púpọ̀ sì máa ń fẹ́lẹ́, ó lè ṣẹ́ lábẹ́ agbára tí ẹsẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní kà sí. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń yẹ eegun wò kí wọ́n tó so ẹ̀rọ mọ́ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì ń tú ọ̀já wo awọ lẹ́yìn ìrìn gbogbo.

Ohun tí ó wá jinlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ara ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ní ọdún 2015, Steven Collins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ohun kan jáde tí kò ní bátìrì, tí kò ní ẹ̀ńjìnnì, tí sípíríǹgì kan ni ó fi ń ṣiṣẹ́, tí a so mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ńlá tí ó wà lókè gìgísẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀ ni sípíríǹgì náà ń nà. Bí gìgísẹ̀ ti fẹ́ gbéra ni ó ń dá agbára tí ó gbà padà. Àwọn tí ara wọn le ni wọ́n fi dán an wò, agbára tí ara wọn ń ná lórí ìrìn sì dín ní 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè ní ìyẹn kéré. Kò kéré, nítorí Ẹlẹ́dàá ti ṣe ìrìn ọmọ ènìyàn débi pé àtúnṣe tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ apá kejì àbájáde náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: nígbà tí wọ́n fi sípíríǹgì tí ó le jù sí i, èrè náà fò lọ. Sípíríǹgì ń ṣe iṣẹ́ jù, àwọn iṣan mìíràn sì ní láti dìde bá a jà kí ẹsẹ̀ má baà lọ síbi tí kò yẹ. Ìrànwọ́ tí ó bá kọjá ìwọ̀n di ẹrù.

Ohun tí ó sì bá ojú ló bá imú. Bí ó ti rí fún iṣan ni ó rí fún ọpọlọ, àní ó tún burú jù níbẹ̀. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Bí a bá de aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú yálà ó gbìyànjú tàbí kò gbìyànjú, láìpẹ́ ọpọlọ rẹ̀ á mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti ní olùṣe, á sì jókòó, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀yìn ìyá ti ń sùn lọ fọnfọn bí ọ̀nà bá ti ń gùn sí i. Àwọn onímọ̀ ti rí èyí léraléra, ó sì wà lára ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ òde òní kí ó máa fa ọwọ́ sẹ́yìn bí aláìsàn ti ń lè ṣe sí i. Àyẹ̀wò ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba níhìn-ín, tí a pè ní RATULS, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, kó ènìyàn 770 tí rọpárọsẹ̀ ti mú ní ọwọ́ jọ; a de ọwọ́ àwọn kan mọ́ róbọ́ọ̀tì orí tábìlì, a fún àwọn kan ní ìtọ́jú físíò tí ó lé ní ti àtẹ̀yìnwá, a sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ sí ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn ń rí gbà. Nígbà tí wọ́n wo ohun tí ọwọ́ lè ṣe, róbọ́ọ̀tì kò ta ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá yọ. Ìyẹn kò sọ ẹ̀rọ di aláìwúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní òun óò dá aṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò, ó sì yẹ kí a wo ọrùn àwọn tí ń polówó.

Àbí kí ni mo ń bá róbọ́ọ̀tì nìkan wí fún? Àwa gan-an nílé ń ṣe é. Mo mọ ìyá kan ní ẹ̀gbẹ́ Queen's Road tí rọpárọsẹ̀ mú ní apá ọ̀tún, tí físíò sì wí fún pé kí ó máa fi ọwọ́ náà ṣa ẹ̀wà lójoojúmọ́. Mo jókòó tì í ní ọjọ́ kan. Ó da ẹ̀wà olóyin sórí atẹ. Àtàǹpàkò rẹ̀ sún títí ó fi kan ẹyọ ẹ̀wà kan. Ìka ìfábẹ̀là kò tètè dé. Ẹ̀wà yọ́ lọ. Ó tún pè é padà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ó mú un, ó sì gbé e sí apá kan. Bí ó ti ń na ọwọ́ sí èkejì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ilé ìdáná yọ, ó ní, “Màámi, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é,” ó sì gbé atẹ lọ. Ọmọ rere ni. Ta ni yóò bá a wí ní àárín wa, níbi tí a ti ń fi bí ọmọ ṣe ń sáré gba ẹrù lọ́wọ́ òbí mọ ẹ̀kọ́ ilé? Síbẹ̀ ọwọ́ tí a kò rán níṣẹ́, ọpọlọ á gbàgbé pé òun ní i. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ohun tí ìyá náà ì bá lè ṣe á bá ohun tí kò lè ṣe lọ.

Ní ilẹ̀ Jàpáànì, Yoshiyuki Sankai ti yunifásítì Tsukuba gba ọ̀nà mìíràn tí ó wù mí ju èyí tí ń fi tipátipá gbé ẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tirẹ̀, tí a ń pè ní HAL, kì í gbéra títí yóò fi gbọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Nígbà tí ènìyàn bá pète láti na orúnkún, iná mànàmáná tí kò tó nǹkan ń gba inú iṣan kọjá. Bí iṣan náà tilẹ̀ rọ tí kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́, ìyókù iná náà a máa dé ojú awọ, ibẹ̀ ni a sì lẹ ohun tí ń gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀rọ gbọ́, ó ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe ohun tí olúwa rẹ̀ pète, ìmọ̀lára ìnà náà sì padà gòkè lọ bá ọpọlọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ fẹ́ràn láti fi òrí àti ìpara pa ara, ẹ ó nu ibẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, nítorí ọ̀rá kì í jẹ́ kí ó gbọ́ràn. Bí a kò bá rí iná kankan gbọ́, ẹ̀rọ yìí kò ní ọ̀rọ̀ láti bá onítọ̀hún sọ. Ẹni tí ògóóró ẹ̀yìn rẹ̀ já pátápátá kò ní rí ire púpọ̀ nínú rẹ̀, irú ti Claire ni yóò bá a mu.

Títí dé ibi yìí, ọ̀rọ̀ ohun tí ó sọnù ni a ń sọ. Ìwádìí kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yìí, tí ó béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fún ènìyàn ní ohun tí Ọbàtálá, alábàáláṣẹ, kò mọ mọ́ ọn rárá. Dani Clode, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Art, ṣe àtàǹpàkò kẹta kan, tí a ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ní ìhà ọmọńdinrín, tí ó dojú kọ àtàǹpàkò tí a bí mọ́ni. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni a fi ń darí rẹ̀: bí ti ẹsẹ̀ kan bá tẹ ilẹ̀, ó gba inú àtẹ́lẹwọ́ kọjá, bí ti ẹsẹ̀ kejì bá tẹ̀, ó sún mọ́ àwọn ìka, bí a bá dẹ ẹsẹ̀, ó padà síbi tí ó wà. Tamar Makin, onímọ̀ ọpọlọ tí ó wà ní University College London nígbà náà kí ó tó lọ sí Cambridge, gbé àtàǹpàkò yìí fún 20 ènìyàn fún ọjọ́ 5, pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sílé, kí wọ́n fi ọwọ́ kan ṣoṣo kó bọ́ọ̀lù púpọ̀, kí wọ́n fi to igi lé orí ara wọn, kódà kí wọ́n fi aṣọ di ojú. Wọ́n mọ̀ ọ́n lò kíákíá. Nígbà tí wọ́n sì gbé e lọ sí ìpàtẹ kan ní ọdún 2022, ènìyàn 596 ni ó dán an wò, láti ọmọ ọdún 3 dé arúgbó ẹni ọdún 96, 98 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó sì fi gbé nǹkan kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Ẹnu lè ya ènìyàn kí ó sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Makin kò dúró síbẹ̀, ó wo inú ọpọlọ wọn. Nínú ọpọlọ wa, ìka kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ sì lè sọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ 5, nígbà tí àwọn ènìyàn náà bọ́ àtàǹpàkò kẹta tí wọ́n sì ń mi ìka tiwọn nínú ẹ̀rọ, ìyàtọ̀ láàárín ìka àti ìka ti dínkù. Àwòrán ọwọ́ tí a bí mọ́ wọn ti yí padà nítorí ohun tí wọ́n yá lò. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n tún wo díẹ̀ nínú wọn, ìyípadà náà ti ń rọlẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí ohun ẹ̀rù. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀, n kò sì kà á sí eré, nítorí ó fi hàn pé kò sí ẹ̀rọ tí a wọ̀ tí ó mọ sí ojú awọ. Ẹni tí yóò bá wọ irú rẹ̀ fún ogún ọdún láti fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe fún ọjọ́ márùn-ún, ó yẹ kí ó béèrè ohun tí yóò bá lọ́wọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá bọ́ ọ.

Ọpọlọ kan náà tí ó yára yí padà yìí ni ó tún ya olóríkunkun. Ní ọdún 2025, Makin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn àwọn mẹ́ta jáde, tí wọ́n ti ya àwòrán ọpọlọ wọn kí dókítà tó gé apá wọn, tí wọ́n sì tún ń yà á lẹ́yìn náà títí dé ọdún 5. Àyè ọwọ́ tí kò sí mọ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ọ̀bẹ gé apá, ọpọlọ kò gé e. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó wá sí Queen Mary's Hospital ní Roehampton, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, láti ọdún 1915 kí a lè fi apá àti ẹsẹ̀ onígi sí wọn lára, ń sọ pé ọwọ́ tí a gé ń yún àwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó kọjá ní Igbobi ní Èkó, ilé ìwòsàn eegun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 lẹ́yìn ogun Hitler. Ẹ má ṣe fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ mọ́, ẹ má sì sọ pé ẹ̀mí ni ó ń bá wọn ṣeré. Orí ire ni ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ já sí, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọpọlọ ṣì ní àṣẹ tí ẹ̀rọ lè gbọ́. Ní Uyo, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, John Amanam, tí ó ti ń ṣe awọ àti egbò fún àwọn onífíìmù tẹ́lẹ̀, ń ṣe ọwọ́ àti ìka tí àwọ̀ wọn dúdú bí tiwa, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ lọ́jà ń wá ní àwọ̀ òyìnbó, ó sì ti ṣe ọwọ́ oníná tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣan. Àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lásán. Ọwọ́ tí ojú olúwa rẹ̀ kọ̀ ni ó máa ń parí sí inú àpótí.

Peckham ti gbọ́ ọ̀rọ̀ pé kí olùrànwọ́ máa fa ọwọ́ sẹ́yìn yìí rí kí àwa tó dé. Ní ọdún 1926, dókítà méjì, George Scott Williamson àti Innes Pearse, dá ilé ìlera kan sílẹ̀ ní àdúgbò yìí. Nígbà tí ó di ọdún 1935 wọ́n kọ́ ilé ńlá fún un ní St Mary's Road, ilé onígíláàsì tí odò ìwẹ̀ wà láàárín rẹ̀, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń san ṣílè kan lọ́sẹ̀ láti wọlé. Ìlera ni wọ́n fẹ́ fi ojú rí, wọn kò dúró de àìsàn. Wọ́n pèsè odò, wọ́n pèsè àyè eré àti ohun èlò, lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn, wọn kò sì pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni; àwọn ará Peckham sì kọ́ ara wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ọdún 1950 ni ilé náà kógbá wọlé. Ó ṣòro fún dókítà láti fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ, nítorí ẹni tí ó ta ẹ̀rọ fẹ́ kí a rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni n óò fi ẹnu kàn lásán. Ẹ̀rọ àwọ̀rìn wọ́n ju owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Bí ó bá sì dé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, bátìrì rẹ̀ yóò máa wo ojú iná ìjọba. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ kíà, tí ẹ ń fi ẹ̀yìn gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga lóru, ẹ̀wù agbẹ́yìnró wà báyìí irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń wọ̀, ó sì ń fúyẹ́ fún iṣan ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹrù kì í sọnù. Ohun tí ẹ̀yìn kò rù mọ́, àyà àti itan ni ó ń rù ú. Bí ọ̀gá kan bá gbé irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ fún yín tí ó sì tìtorí rẹ̀ yọ ẹnì kejì tí ẹ jọ ń gbé aláìsàn kúrò, ẹ mọ̀ pé ó ti jẹ èrè ẹ̀wù náà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ̀rọ kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kí ó dá ìmọ̀lára padà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọdún méjì mọ ìyàtọ̀ láàárín kápẹ́ẹ̀tì àti símẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ ReWalk kò mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú láti máa fi ìgbọ̀nrìrì sọ fún awọ ibòmíràn pé ẹsẹ̀ ti balẹ̀, wọ́n sì ń rí díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn tí ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn King's ní Denmark Hill tàbí níbòmíràn, bí wọ́n bá mú ẹ̀rọ wá, ẹ má béèrè bí ó ṣe lágbára tó. Ẹ béèrè bí ó ti ń mọ ohun tí aláìsàn ń fẹ́, ẹ béèrè ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìrànwọ́ rẹ̀ kù, kí ẹ sì béèrè ohun tí ọwọ́ yẹn ti lè dá ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tí a bọ́ ẹ̀rọ. Alága, mo rí i pé màmá tí ó wọ ìró búlúù lẹ́yìn ti na ọwọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ẹ̀wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn.